Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ọ́ Ní Ọlọ́wọ́-epo

Epo jíà tó bá ti pò mọ́ omi òkun kì í dúdú mọ́. Funfun ló máa ń funfun, bí ẹ̀kọ tí a fi omi pò, òórùn rẹ̀ a sì máa dà bí ti ẹja tó ti sùn sínú oòrùn. Títí di òní, bí mo bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ jíà kan, tí mo rí i pé ohun tó ń dà jáde funfun, n ó ti máa nu ọwọ́ mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Ohun tó fà á kò ju ọkùnrin kan lọ, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní etíkun Ìlàjẹ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ọmọ òkè ni mí, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún lọ́rì ṣe, ọdún márùn-ún ni mo sì lò níbẹ̀ kí n tó gba fíríídọ̀ọ̀mù. Nígbà tí kọ̀ngílá kan tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ ń wá mẹkáníìkì tí yóò lọ sí etíkun, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo rò pé irin ni irin ń jẹ́, pé ẹni tó bá ti mọ lọ́rì tú ti mọ gbogbo ohun tó ń mu epo. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Ìgbókọ̀dá ni mo ti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láyé mi. Mo jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀, mo di igi ìjókòó mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láti èbúté títí a fi dé. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí mo bá já sómi, ẹja á dá mi padà nítorí pé mo gbẹ jù.

Ìlú tí a lọ kò tóbi. Kì í ṣe Abẹrẹkẹ, kì í ṣe Àràròmí. Omi ló wà báyìí níbi tí ìlú náà wà nígbà yẹn, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé, òkun wà níwájú, odò wà lẹ́yìn. Àwọn elépo ti gé iyanrìn tó wà láàrin odò àti òkun kí ọkọ̀ wọn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n parí ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n kó ọkọ̀ wọn lọ, wọn kò sì dí ojú ibẹ̀ padà. Òkun náà kò kọ ilé ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ọdọọdún ló ń jẹ ilẹ̀. Ó jẹ ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí, ó jẹ ìdajì itẹ́ òkú. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú ni wọ́n tó rán kọ̀ngílá wa wá pẹ̀lú katakata kan, kí ó kó iyanrìn dí ojú ibẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ti ka oṣù. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó lé, nítorí pé oṣù náà ni omi máa ń kún jù lọ lọ́dún. Gbogbo ìlú ló mọ ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé pàápàá ń kà á sára ògiri.

Katakata tí mo ń wí, èyí tó ní ọwọ́ gígùn tó fi ń wa ilẹ̀ ni, ṣéènì ló sì fi ń rìn dípò táyà. Nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ilé jíà kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fáínà dráífù. Òun ló ń yí ṣéènì. Epo ló kún inú rẹ̀, iyanrìn àti omi oníyọ̀ ló wà níta, ohun tó sì dúró láàrin wọn kò ju síìlì lọ: òrùka irin méjì tí ojú wọn ń dán bíi dígí, tí wọ́n dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wọ rọ́bà tó nípọn. Bí síìlì yìí bá ti yẹ̀, epo á jáde, iyanrìn á wọlé, jíà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ òkè, ó lè lo ọdún mélòó kan kí ó tó gbó. Ní etíkun yẹn, ojoojúmọ́ la gbọ́dọ̀ fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ katakata, kí á tẹ̀ ba, kí á wo ìdí rẹ̀ bóyá epo ti ń sun. Ọ̀gá mi, olórí mẹkáníìkì, kì í jẹun àárọ̀ kí ó tó wò ó. Ará Ìjẹ̀bú ni, àgbàlagbà tó máa ń fi etí ti irin bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ẹni tó ń wa katakata, ẹni kẹta wa jẹ́ ọmọ ìlú náà, ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bàbá akankọ̀ ni n ó máa pè é. Nítorí pé òkun ti gba ibi tó ti ń kan ọkọ̀ ló fi wá gba iṣẹ́ lébìrà lọ́dọ̀ wa, àti nítorí pé ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ojú ibi tí à ń dí jù lọ. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun kún un. Tí a bá dákẹ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án, àwọn ará ìlú á gbé ọkọ̀ tó ń jò wá bá a, á sì jókòó ti ọkọ̀ náà, á máa fi òwú dí ojú ìpàdé pákó rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá dí kò tún jò mọ́. Ó tó bí mi dáadáa, ṣùgbọ́n "ọ̀gá" ló ń pè mí, èmi sì ń pè é ní "ìwọ". Mẹkáníìkì ni mí, lébìrà ni òun. Bí mo ṣe rí ayé nígbà náà nìyẹn.

Nígbà tí ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù lé, síìlì ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í sun epo. Ọ̀gá mi ránṣẹ́ lọ sí Wàrì, wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ nínú páálí, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tó dé gan-an ni ibà dá ọ̀gá mi wó. Ó ń gbọ̀n débi pé kò lè di sípánà mú. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìgbókọ̀dá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ọkọ̀ títí ó fi pè mí.

"Má jẹ́ kí iyanrìn kan ojú irin," ó ní. "Má fi ìka kan ibi tó ń dán. Ojú irin yẹn nìkan ni kí o kán epo díẹ̀ sí. Rọ́bà ń gbààwẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo rárá. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, sà. Etí mi gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti jókòó sórí àga rẹ̀. Kí ọkọ̀ náà tó yípo kọ́nà odò, mo ti ń pàṣẹ.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Lára lọ́rì, bí a bá fẹ́ fi síìlì sí i, girísì la máa ń fi pa rọ́bà rẹ̀ lẹ́nu kí ó má baà jó. Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ti gbá mi létí nítorí rẹ̀ rí, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tí ara mi kò lè gbàgbé. A tú ẹsẹ̀ katakata, a fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ó ku kí a ti síìlì tuntun wọlé. Rọ́bà náà le, kò fẹ́ wọlé. Mo tì í lápá kan, ó yọ lápá kejì. Oòrùn ń pa wá, àwọn ará ìlú sì dúró lókèèrè níbi tí wọn kò ti lè rí ọwọ́ wa dáadáa, wọ́n ń wò mí. Ojú wọn ń gún mi lẹ́yìn.

Mo ní kí bàbá akankọ̀ gbé àpótí mi wá. Àpótí mi ni, tèmi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, agolo girísì pupa tí mo gbé ti Ìbàdàn wá ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé mo ń ṣí agolo náà, ó fi àkísà mímọ́ nu ọwọ́ rẹ̀, ó nu rọ́bà tó mú dání, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo kàn án. Ohun tó máa dí omi kì í yọ̀. Bí àwa ṣe ń ṣe é lára ọkọ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ bá ní epo, òwú kò ní dì mọ́ pákó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọkọ̀ onígi ni ìwọ mọ̀. Irin rèé."

Ó tẹrí ba. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀gá." Ó gbé rọ́bà náà fún mi ní gbígbẹ, mo sì fi girísì pa á yí po. Ó yọ̀ wọlé bí ẹni gbé òkèlè mì. Mo wo àwọn tó ń wò mí, mo sì nà ró. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ní àkísà lọ́wọ́, n kò kàn lò ó ni.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn rọrùn débi pé mo lè fi ẹnu sọ ọ́ fún ọmọdé lónìí. Gbígbẹ tí rọ́bà yẹn gbẹ ló fi ń di òrùka irin mú kí ó má baà yẹ̀. Bí a bá fi epo kàn án, á máa yọ̀, òrùka á wọ́ sápá kan, ojú méjì tó yẹ kí ó pàdé á la, iyanrìn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Bàbá akankọ̀ kò mọ katakata, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí omi jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Katakata ń ṣiṣẹ́, iyanrìn ń ga, ojú ibi tó ṣí ń kéré sí i títí ó fi ku bí gígùn ọkọ̀ mẹ́ta. Àwọn obìnrin gbé ẹja yíyan wá fún wa. Bàbá akankọ̀ tún àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ kàn, ó ní òun kò tíì ní ìdí láti tún un kàn fún ọdún méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo tẹ̀ ba, mo wo ìdí ẹsẹ̀ òsì, mo rí epo. Kò pọ̀, ó kàn fà tẹ́ẹ́rẹ́ wá sílẹ̀ lórí irin ni. Ẹni tó ń wa katakata wà lókè, ó ń bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ dára. Mo fi àkísà nù ún. Mo ní ó dára. Mo rò pé bí a bá ti lè rí ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, a ó ti parí, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n èmi sùn, òwúrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ni mo sì tún fi àkísà nu iná náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni ẹsẹ̀ náà ké. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní gbàgbé, bí ẹni ń rún òkúta lẹ́nu. Ṣéènì òsì dúró gbagidi. Katakata kọjú sí òkun níbi tí a kò tíì dí gan-an, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì, epo funfun dà sí mi lọ́wọ́, iyanrìn àti èérún irin ló kún inú rẹ̀. Oṣù lé lọ́jọ́ kejì. Omi kò bú, kò pariwo, ó kàn ń kún ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ katakata kọjá, ó sì wọ́ iyanrìn tí a kó jọ lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó kó ilé bàbá akankọ̀ lọ pẹ̀lú àtẹ̀gùn tuntun, ó kó ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó kó àwọn ibi tí wọ́n ń yan ẹja, ó sì kó ìyókù itẹ́ òkú. Mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dúró sínú omi tó dé orókùn, tí wọ́n ń wo ibi tí ìyá wọn sùn sí.

Ọ̀gá mi padà dé nígbà tí omi fà, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ mìíràn fa katakata sórí iyanrìn líle. Ó tú ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, gbogbo ìlú pé yí i ká. Ó yọ rọ́bà jáde, ó fi àtàǹpàkò kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e sókè.

"Ta ló fi girísì kan rọ́bà yìí?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní èmi ni, wọ́n lè lù mí pa níbẹ̀, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí omi ti kó ilé wọn kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju ìbínú lọ. Ẹnu mi ṣí, mo sì ní, "Òun ló gbé rọ́bà fún mi." Mo nawọ́ sí bàbá akankọ̀.

Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kan nínú gbólóhùn náà, ẹ lè tú u wò. Òun ló gbé e fún mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, ara ọkùnrin yẹn ló sì fọ́ sí. Gbogbo ojú yí sí i. Kò pariwo, kò bú mi. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí wọ́n wò ó, ó sì fi èdè wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni pé àwọn èèyàn rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ ọ́: "Ọghọ́ mi gbẹ." Ọwọ́ mi gbẹ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan tó ń yan ẹja pòṣé, ó ní, "Ọlọ́wọ́-epo." Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ etíkun kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó. Lójú ọmọ òkè, ọwọ́ tó ní epo kò ju ohun tí ọṣẹ á fọ̀ lọ. Láàrin àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn, ẹni tó ń fi ọwọ́ epo dí ọkọ̀ ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò jò láàrin òkun, tí yóò ri ọmọ ọlọ́mọ sómi. Ta ló máa gbé ọkọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ dí? Kí a tó kó ẹrù wa kúrò níbẹ̀, mo rí ọkọ̀ kan tó ń jò, tí ẹni tó ni ín wà á kọjá níwájú bàbá akankọ̀ láìbojúwẹ̀yìn, ó gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Ìgbókọ̀dá, ọ̀gá mi jókòó tì mí. Kò wojú mi. Ó ní, "Girísì inú àpótí rẹ ni. Mo mọ òórùn rẹ̀." Mo dúró kí ó bú mi, mo tiẹ̀ ń fẹ́ kí ó bú mi. Ohun tó sọ kò ju pé òun kò tú mi síta nítorí pé òun nílò mẹkáníìkì lọ. A kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Òrè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí, katakata ni mo sì ń tún ṣe. Àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn mi pé bàbá yìí á ní kí èèyàn nu ọwọ́ títí awọ á fi bó. Wọn kò mọ ohun tí mo ń nù. Kò pẹ́ púpọ̀ sí àsìkò yìí ni iṣẹ́ kan gbé mi dé Ìgbókọ̀dá. Mo dúró ní èbúté, mò ń retí ọkọ̀, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ọkọ̀ ké pé, "Ọlọ́wọ́-epo! Wá gbọ́n omi inú èyí!" Mo yíjú wò. Arúgbó kan dìde pẹ̀lú igbá ìgbọ́nmi lọ́wọ́, ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Òun ni. Ẹni tó ń dí ọkọ̀ kí omi má wọlé ti di ẹni tó ń gbọ́n omi tó wọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn dí.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó èbúté. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo fi girísì kàn án." Ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀. "Dìde," ó ní, "pákó yìí tutù, aṣọ rẹ á bàjẹ́." Kò pè mí ní ọ̀gá mọ́. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ ọ́ fún. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi gbẹ. Àwọn ni kò mọ̀." Ó sì padà sídìí omi tó ń gbọ́n.

Mo yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, katakata, rọ́bà, agolo girísì, gbólóhùn mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. A kò mọ̀ pé ó ní ìdí. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́wọ́-epo la bá a tó ń jẹ́."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti bá a, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kí ó gbọ́ ti lọ. Òkun ti gba ìlú náà tán. Ìyá tó kọ́kọ́ sọ orúkọ yẹn ti kú, àwọn tó gbà á lẹ́nu rẹ̀ ti fọ́n ká, àwọn mìíràn wà ní òkè, àwọn mìíràn wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ìlú náà ni orúkọ tí mo mú kí wọ́n fún bàbá akankọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dé èbúté Ìgbókọ̀dá, tí ẹ gbọ́ tí wọ́n ń pe arúgbó kan ní Ọlọ́wọ́-epo, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Tèmi ni girísì.